Àfọ́kù òkúta nínú omi ẹja òkun: Ohun tó yẹ kí o mọ̀ kí o tó gbé e wọ inú omi

Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger, jìnnà sí òkun. Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní àdúgbò Banifandou, tó sì ń lọ sí etí òkun ní Cotonou, yóò rin ìrìn tó lé ní 1,000 kìlómítà kó tó rí ìgbì. Síbẹ̀, kò sí ohun tó ní kí ẹni tó ń gbé Banifandou má sin ẹja òkun nínú ilé, bí àwọn tó wà ní Èkó, Lomé tàbí Lọ́ndọ̀nù ṣe ń ṣe é.

Nǹkan mẹ́rin ló máa nílò: àpótí gíláàsì, ẹ̀rọ tó ń yí omi po, iyọ̀ tí wọ́n pò kó lè sọ omi ẹ̀rọ di omi òkun, àti òkúta. Owó ni wọ́n fi ń ra mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹrin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn lè rí lọ́fẹ̀ẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé, àfọ́kù òkúta kì í wọ́n: èyí tí àwọn birikìlà gé kù, èyí tó fọ́ nígbà tí wọ́n ń já a látinú ọkọ̀, àti èyí tí wọ́n hú jáde nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Kò burú láti lò ó. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló máa ń fọ òkúta náà títí tí yóò fi mọ́ tónítóní, tí wọ́n á sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Ohun tó ń pa ẹja sábà máa ń wà nínú òkúta fúnra rẹ̀, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì kò sì lè dé ibẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí o kọ́kọ́ béèrè ibi tí òkúta ti wá, kí o tó béèrè bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́.

Kí ni òkúta ń ṣe nínú omi ẹja?

Ọ̀ṣọ́ nìkan kọ́ ni òkúta nínú àpótí ẹja. Ẹja ń jẹ, ó sì ń ṣu. Ìgbẹ́ rẹ̀ àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń di amóníà, èyí tó jẹ́ májèlé fún ẹja. Nínú òkun, omi pọ̀ débi pé amóníà náà kò ní lè ṣe nǹkan kan. Nínú àpótí tí kò ju 200 lítà lọ, kò sí ibi tí ẹja lè sá sí.

Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò lè rí ló ń gba ẹja là. Orí òkúta àti inú àwọn ihò kéékèèké rẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Àwọn kan ń sọ amóníà di náítíráìtì, tí òun náà jẹ́ májèlé. Àwọn mìíràn ń sọ náítíráìtì di náítíréètì, tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí àwọn kòkòrò yìí tó pọ̀ tó lórí òkúta tuntun.

Nítorí náà, òkúta tó ní ihò púpọ̀ dára ju èyí tó ki pọ́pọ́ lọ. Òkúta ẹfun oníhò máa ń gba kòkòrò púpọ̀. Akọ òkúta tí a mọ̀ sí gíránáìtì, irú èyí tí Olúmọ ní Abẹ́òkúta jẹ́, kì í yọ́ sínú omi, àmọ́ ojú rẹ̀ nìkan ni kòkòrò lè gbé, wọn kò lè wọ inú rẹ̀.

Kí ló dé tí wọn kò kàn kó òkúta látinú òkun?

Ohun tí àwọn tó ń sin ẹja òkun ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn. Wọ́n ń ra òkúta abẹ́ òkun tí ohun ẹlẹ́mìí kún orí àti inú rẹ̀. Egungun ìbátan iyùn ló pọ̀ jù nínú òkúta bẹ́ẹ̀, ìyẹn iyùn kan náà tí àwọn ọba àti ìjòyè wa fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́.

Àmọ́ kíkó tí wọ́n ń kó o ba ibùgbé ẹja jẹ́. Àdéhùn CITES, tó ń darí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu káàkiri àgbáyé, fi àwọn iyùn olókùúta sí Àfikún Kejì. Èyí túmọ̀ sí pé ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ wà kí wọ́n tó lè kó wọn kọjá ẹnubodè. Florida ní Amẹ́ríkà fòpin sí kíkó o látinú òkun rẹ̀. Fiji, tó wà lára àwọn tó ń tà á jù lágbàáyé, náà fòfin de kíkó o lọ sílẹ̀ òkèèrè.

Fún ẹni tó wà ní Niamey, owó ọkọ̀ òfurufú tún wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni òkúta wúwo. Òkúta gbígbẹ tí a rí nítòsí ló kù.

Òkúta wo ló wà ní Niamey?

Odò Ọya ló la Niamey kọjá, ilẹ̀ òsì rẹ̀ àti ti ọ̀tún kò sì jọra. Banifandou wà ní ọwọ́ òsì. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ iyanrìn àti òkúta oníyanrìn tí irin pọ̀ nínú rẹ̀, pẹ̀lú yangí pupa tí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀. Yangí ní ihò dáadáa lóòótọ́, àmọ́ irin rẹ̀ ń bọ́ sínú omi, ó ń rún wómúwómú, ó sì máa ń fa fọ́síféètì mọ́ra kó tó tún tú u sílẹ̀. Kò yẹ fún omi iyọ̀.

Ní ọwọ́ ọ̀tún, lápá ìwọ̀-oòrùn, ni àwọn àpáta àtayébáyé Liptako wà. Gíránáìtì wà níbẹ̀, góòlù náà sì wà níbẹ̀. Níbi tí góòlù bá wà, ó sábà máa ń jẹ́ pé imí-ọjọ́ àti àwọn irin olóró wà nínú òkúta tó yí i ká. Òkúta tó wá láti ibi ìwakùsà góòlù kò gbọ́dọ̀ dé inú omi ẹja, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Òkúta ẹfun ni ẹni tó ń sin ẹja òkun ń wá, Niger sì ní in. Ní àkókò tó ti pẹ́ gan-an, òkun bo apá kan ilẹ̀ tí a ń pè ní Sàhárà lónìí. Ohun tó fi sílẹ̀ ni òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà ní Malbaza ní ẹkùn Tahoua láti fi ṣe símẹ́ńtì. Ilẹ̀ òkun àtijọ́ ni ẹni tó bá gbé irú òkúta bẹ́ẹ̀ sínú omi iyọ̀ ń dá padà sínú omi.

Ṣùgbọ́n ẹkùn Tahoua yìí kan náà ní òkúta fọ́síféètì, irú rẹ̀ sì tún wà ní Tapoa, nítòsí ọgbà ẹranko W. Ajílẹ̀ dáadáa ni fún oko. Nínú omi ẹja, fọ́síféètì ń bọ́ ewé omi tí yóò bo gbogbo òkúta, kì í sì í jẹ́ kí iyùn lè kọ́ egungun rẹ̀ bó ṣe yẹ. Àwọn tó ń sin iyùn kì í fẹ́ kó ju 0.1 mìlígíráàmù lọ nínú lítà omi kan. Bí ẹni tó fún ọ ní òkúta bá kàn sọ pé Tahoua ló ti wá, ìbéèrè kò tíì tán.

Fún àwọn tó ń ka ìròyìn yìí níbòmíràn: òkúta ẹfun wà ní Ewékorò àti Ṣágámù ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ní Onigbolo lágbègbè Pobè láàrin àwọn Yorùbá ilẹ̀ Benin, àti ní Tabligbo ní Togo. Mábù wà ní Ìgbẹ́tì ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Togo náà ní fọ́síféètì ní Hahotoé, nítorí náà ìkìlọ̀ kan náà kan àwọn tó wà ní Lomé.

Àfọ́kù òkúta ti pa ènìyàn rí

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ jù fún òkúta lásán, kó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara, ìpínlẹ̀ Nàìjíríà tó bá Niger pààlà. Ní 2010, àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní àwọn abúlé bíi Yargalma àti Dareta. Àwọn òbí wọn ń gbé òkúta wálé láti wá góòlù nínú rẹ̀, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ ìlọta lọ̀ ọ́. Òjé pọ̀ nínú òkúta náà. Eruku rẹ̀ bo ilẹ̀ ilé, ó wọ oúnjẹ, ó sì wọ ẹnu àwọn ọmọ tó ń ṣeré nínú àgbàlá. Ó kéré tán, 400 ọmọdé ló kú. Kò sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ̀ pé òjé wà nínú òkúta wọ̀nyẹn.

Ní Niger fúnra rẹ̀, ìtàn Akokan wà. Ìlú àwọn òṣìṣẹ́ ìwakùsà ni, nítòsí Arlit lápá àríwá, níbi tí wọ́n ti ń wa yuréníọ̀mù láti nǹkan bí 1971. Wọ́n lo àfọ́kù òkúta tó kù níbi ìwakùsà láti fi ṣe ojú ọ̀nà. Ikọ̀ Greenpeace lọ wọn ibẹ̀ ní 2009, ìròyìn wọn tó jáde ní 2010 sì sọ pé ìtànṣán olóró tó wà ní àwọn ibì kan lójú pópó Akokan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 500 ohun tó yẹ kó jẹ́.

Arlit jìnnà sí Banifandou. Àmọ́ ẹ̀kọ́ kan náà ni ibi méjèèjì ń kọ́ wa: nígbà tí òkúta bá di àfọ́kù tí ẹnikẹ́ni lè gbé lọ, orúkọ ibi tó ti wá kì í sábà bá a lọ.

Àyẹ̀wò márùn-ún kí òkúta tó kan omi

Àkọ́kọ́, béèrè. Lọ́wọ́ ta lo ti gbà á? Níbo ni òun náà ti rí i? Bí ìdáhùn bá jẹ́ ibi ìwakùsà góòlù, òjé, yuréníọ̀mù tàbí fọ́síféètì, tàbí tí ìdáhùn kò bá sí rárá, fi sílẹ̀. Òkúta tó ti wà lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe, tàbí nítòsí oko tí wọ́n ń fín oògùn sí, náà kò dára, nítorí òkúta oníhò ń mu epo àti oògùn bí kànrìnkàn.

Ìkejì, wò ó dáadáa nínú oòrùn. Ìlà pupa bí irin tó dógùn-ún túmọ̀ sí irin. Àbàwọ́n àwọ̀ ewé tàbí búlúù lè jẹ́ bàbà. Ohun tó ń dán bíi góòlù tàbí fàdákà lè jẹ́ imí-ọjọ́ àti irin tó lẹ̀ pọ̀, tàbí òjé. Bàbà ló yẹ kí o bẹ̀rù jù nínú omi iyọ̀. Lóòótọ́, àwọn kan ń fi bàbà díẹ̀ tọ́jú àrùn ẹja, àmọ́ ìwọ̀n díẹ̀ yẹn náà ń pa edé, ìgbín omi àti iyùn. Òkúta ẹfun tó bá ti wà nínú omi tí wọ́n fi bàbà sí rí yóò gbé bàbà pamọ́, yóò sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìkẹta, gbé e lọ́wọ́, kí o sì fi òòfà kàn án. Òkúta kékeré tó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ lè ní òjé nínú. Èyí tí òòfà bá lẹ̀ mọ́ ní irin.

Ìkẹrin, fọ́ etí rẹ̀ díẹ̀, kí o sì gbóòórùn rẹ̀. Òórùn ẹyin tó bàjẹ́ fi hàn pé imí-ọjọ́ wà níbẹ̀. Òórùn bí ááyù lè jẹ́ àmì ásénììkì, májèlé tó sábà máa ń bá góòlù rìn.

Ìkarùn-ún, fi ìṣó họ ojú rẹ̀ kí lẹ́búlẹ́bú jáde, kí o wá kán fíníkà, ìyẹn ọtí kíkan, sórí lẹ́búlẹ́bú náà. Bó bá hó, òkúta ẹfun tàbí mábù ni. Nínú omi odò, òkúta tó ń hó lè ba omi jẹ́ fún ẹja tí kò fẹ́ omi líle. Nínú omi òkun, tí pH rẹ̀ wà láàrin 8.1 sí 8.4, òkúta bẹ́ẹ̀ kì í yọ́, òun gan-an ló sì bá omi náà mu. Àmọ́ àyẹ̀wò yìí kò lè sọ fún ọ bóyá òjé tàbí bàbà wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi gbẹ̀yìn.

Mábù àti gíránáìtì tí wọ́n gé kù

Èyí tí wọ́n gé kù lára orí tábìlì ilé ìdáná tàbí àtẹ̀gùn ló rọrùn jù láti rí. Yí i padà kí o wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí o bá rí àwọ̀n funfun tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò. Bí kò bá ṣeé ṣí kúrò tán, má lò ó.

Ojú rẹ̀ tó ń dán náà lè ní ìda tàbí oògùn tí wọ́n fi dí ihò rẹ̀. Kán omi sí i: bí omi bá dúró ní róbótó tí kò wọ inú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kùn ún. Lo apá ibi tó fọ́, tí wọn kò kùn rí. Èyí tí símẹ́ńtì tútù lẹ̀ mọ́ yóò gbé pH omi sókè kọjá ààlà, nítorí náà gbẹ́ símẹ́ńtì náà kúrò.

Bí o bá fẹ́ gé òkúta, rí i pé omi ń ṣàn sórí rẹ̀, kí o sì fi ìbomú bo imú àti ẹnu. Eruku òkúta gbígbẹ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kò sì sí oògùn tó ń wò ó sàn. Má gé e níbi tí àwọn ọmọdé ń ṣeré.

Bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́

Fi búrọ́ọ̀ṣì líle àti omi lásán fọ ẹrẹ̀ kúrò. Má lo ọṣẹ, torí kì í tán nínú ihò òkúta.

Po javel tí kò ní òórùn dídùn tàbí ọṣẹ nínú, ìwọ̀n kan sí omi ìwọ̀n mẹ́wàá. Rẹ òkúta sínú rẹ̀ fún wákàtí 24, níta gbangba. Lẹ́yìn náà, ṣàn án, kí o rẹ ẹ́ sínú omi mímọ́, kí o sì máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́ títí òórùn javel yóò fi lọ. Sá a sóòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Oòrùn Niamey kò ní jẹ́ kí o nílò ẹ̀rọ kankan.

Ohun mẹ́ta ni kí o má ṣe. Má da javel àti fíníkà pọ̀ láéláé: afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ lè pa ènìyàn. Má ki òkúta bọ iná tàbí ààrò: omi tó há sínú rẹ̀ yóò di ooru, òkúta náà lè bú gbàù sí ọ lójú. Má sì se òkúta tó wá láti inú omi ẹja ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹta yìí ti ṣe àwọn ènìyàn ní jàǹbá rí. Àwọn ẹ̀dá omi kan tó jọ iyùn ní májèlé kan tí wọ́n ń pè ní palytoxin. Bí omi gbígbóná bá kàn wọ́n, májèlé náà lè wọ inú afẹ́fẹ́. Láàrin 2012 sí 2014, àwọn ènìyàn ṣàìsàn báyìí ní Alaska, ní ilé ìtajà ẹja àti nínú ilé. Ní 2018, ìdílé kan ní abúlé Steventon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dèrò ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n yọ iyùn kúrò nínú omi ẹja wọn láti fọ̀ ọ́.

Fi garawa dán an wò

Òkúta tó mọ́ kò tíì yege. Po omi iyọ̀ sínú garawa oníke, gíráàmù 35 fún lítà kan, kí o sì lo iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún ẹja òkun. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò tó, bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ Bilma tí àwọn ràkúnmí ń rù gba inú aṣálẹ̀ kọ́, nítorí omi òkun tún ní mágínísíọ̀mù, pòtásíọ̀mù, àti káṣíọ̀mù tó tó nǹkan bí 400 mìlígíráàmù nínú lítà kan.

Gbé òkúta sínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń yí omi, kí o fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Wọn omi náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: amóníà, náítíráìtì, pH, fọ́síféètì àti bàbà. Bí fọ́síféètì bá ń gòkè, da omi nù, po tuntun, kí o tún un ṣe. Bó bá ṣì ń gòkè lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta, tàbí tí o bá rí bàbà, sọ òkúta náà nù. Má fi ẹja dán an wò. Nǹkan àyẹ̀wò kò wọ́n tó ẹ̀mí.

Ní Niamey, ooru tún wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹrin, ooru ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àmọ́ àárín 24 sí 27 ni ẹja òkun fẹ́. Omi á máa gbẹ kíákíá, iyọ̀ kì í sì í bá a lọ. Omi lásán ni kí o fi kún un, kì í ṣe omi iyọ̀. Ronú nípa iná mànàmáná náà. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba oṣù Keje 2023, Nàìjíríà gé iná tó ń fún Niger, àwọn ẹnubodè sì tì. Bí ẹ̀rọ kò bá yí omi, ẹja kò ní rí afẹ́fẹ́ mí, nítorí náà ní ẹ̀rọ kékeré tó ń lo bátìrì nítòsí.

Nígbà tó bá tó àkókò láti tò ó

Lítà 200 omi òkun wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 205, láìtíì ka òkúta àti gíláàsì. Rí i pé ohun tí o gbé àpótí lé lè rù ú. Gbé òkúta ńlá lé ìsàlẹ̀ gíláàsì kí o tó da iyanrìn sí i, torí ẹja tó ń gbẹ́ ilẹ̀ lè mú kí òkúta tó dúró lórí iyanrìn wó. Fi àyè sílẹ̀ láàrin wọn kí omi lè gba ibẹ̀ kọjá.

Òkúta tó kùnà àyẹ̀wò nítorí yangí tàbí gọ́ọ̀mù ṣì wúlò fún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tàbí ìpìlẹ̀. Àmọ́ èyí tí o bá fura pé òjé tàbí nǹkan olóró mìíràn wà nínú rẹ̀, má fún aládùúgbò, má fọ́ ọ, má sì jù ú sínú àgbàlá. Bí o bá fún ẹlòmíràn ní òkúta, sọ fún un ibi tó ti wá.